Okùn Ọmọ tí Mo Rà ní Amsterdam

Ó ku nǹkan bí ọdún mẹ́rin kí a gba òmìnira nígbà tí ilé iṣẹ́ wa rán àwa akọ̀wé méjì lọ kọ́ṣẹ́ ní Họ́láǹdì fún oṣù mẹ́ta. Ará Ọ̀jọ́ tó wà létí ọ̀sà ni èmi, ará Ìbà tó wà nínú oko ni ọ̀rẹ́ mi. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí a padà ni lẹ́tà ìyàwó mi dé, pé ọmọbìnrin wa, ọmọ ọdún mẹ́ta àti oṣù méjì, ti ń sá lọ sétí ọ̀sà nígbàkigbà tí ìyá mi bá yíjú. N kò sùn dáadáa mọ́ láti ọjọ́ náà.

Sátidé tó kẹ́yìn, ọ̀rẹ́ mi ní ká lọ wo Amsterdam. Òjò ń sẹ̀ bí ẹni ń jọ èlùbọ́ láti àárọ̀. Agbòòrùn kan ṣoṣo la ní, òun ló dì í mú, nítorí náà èjìká òsì mi ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú òjò náà.

Ẹni tó ń mú àwọn àlejò káàkiri fọ́nnu pé orí òpó igi, nínú ẹrẹ̀ àti omi, ni wọ́n kọ́ ilé ìlú náà lé. Àwọn àlejò ń mirí tìyanu-tìyanu.

Ọ̀rẹ́ mi rọra wí pé, "Bí àwọn Ègùn bá kọ́lé sórí òpó nínú ọ̀sà, a ní ojú wọn ò là. Ohun tá a wá sanwó wò nìyí."

N kò rẹ́rìn-ín. Afárá mọ́kànlá la ti gbà kọjá lórí àwọn odò tí wọ́n gbẹ́ sáàárín ìgboro, n kò sì tíì rí ọgbà kankan létí omi.

"Kí lò ń kà lẹ́nu?"

"Ibi tọ́mọdé ti lè já sómi."

"Ọmọ Ọ̀jọ́ tí kò mọ̀wẹ̀. Ìwọ gan-an ni kó o rọra. Tó o bá já sí i, èmi ará oko ni màá fà ẹ́ yọ."

Òótọ́ ló sọ. Láti ọmọ ọdún márùn-ún ni mo ti wà nílé tíṣà kan tí kò sí omi nítòsí rẹ̀ ju ti kànga lọ.

Bí a ti fẹ́ wọ ilé àwòrán tí ọ̀rẹ́ mi ti ń sọ láti oṣù tí a dé, mo rí obìnrin kan tó de bẹ́líìtì awọ mọ́ ọmọ rẹ̀ láyà, tó di okùn rẹ̀ mú lẹ́yìn. Ọmọ náà sáré dé etí omi. Okùn dá a dúró.

"Wọ́n so ọmọ bí ewúrẹ́," ni ọ̀rẹ́ mi wí.

"Ewúrẹ́ tí wọ́n bá so kì í kú sómi."

Aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú, aago márùn-ún ni ṣọ́ọ̀bù ń tì. Mo tẹ̀lé obìnrin náà kí n lè béèrè ibi tó ti rà á. Ní Ọ̀jọ́, bí o bá fẹ́ bá ìyálọ́mọ sọ̀rọ̀, ọmọ rẹ̀ lo máa kọ́kọ́ kí. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ṣẹ́wọ́ sí ọmọ náà, mo na apá láti gbé e. Ìyá rẹ̀ gbé e kí ọwọ́ mi tó kàn án, ó yára lọ. Èmi náà yára. Ọ̀rẹ́ mi ń sáré bọ̀ lẹ́yìn wa, agbòòrùn lókè. Ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni obìnrin náà dúró sí. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé, mo fi ọwọ́ wọn gíga ọmọ mi lára itan mi. Ọlọ́pàá túmọ̀ rẹ̀ fún un. Obìnrin náà wò mí títí, lẹ́yìn náà ó fúnra rẹ̀ mú wa dé ṣọ́ọ̀bù náà.

Nígbà tí mo ra okùn náà tán tí a jáde, ilé àwòrán ti tì.

"Tí wọ́n bá bi mí ní Ìbà ohun tí mo rí, màá ní okùn ewúrẹ́," ni ọ̀rẹ́ mi wí.

Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún la lò lórí òkun. Mo dé Ọ̀jọ́, mo yọ okùn náà kí n tó bọ́ bàtà, mo sì ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún ìyá mi. Wọ́n di ọmọ náà lọ́wọ́ mú, wọ́n mú un lọ sétí ọ̀sà, wọ́n sì gbé e sọ sómi. Kí n tó sáré débẹ̀, ó ti wẹ̀ dé ìdí ọkọ̀ tí wọ́n so síbẹ̀, ó ti ń wẹ̀ padà bọ̀.

"Ìgbà tí ìyàwó ẹ kọ lẹ́tà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ lówẹ̀," ni ìyá mi wí. Wọ́n na okùn náà sí mi. "Ẹnì kan ló kù tí kò mọ̀wẹ̀ nílé yìí. Ṣé ó gba àyà ẹ?"

Mo fi bẹ́líìtì rẹ̀ yí àyà mi ká wò. Ó fi ínǹṣì mẹ́sàn-án kúrú.