Àpáàdì Tí Mi Ò Gbé Lọ sí Àbújá

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo wọ mọ́tò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìpàdé ọdọọdún àwa tí à ń walẹ̀ wá ìtàn ní gbogbo Nàìjíríà ni mò ń lọ, Àbújá ló sì bọ́ sí lọ́dún yìí. Mi ò lọ ṣe fàájì o. Nínú oko kan lẹ́yìn ìlú wa, àwọn baba ńlá wa to àpáàdì sílẹ̀, wọ́n fi tẹ́ àgbàlá bí a ṣe ń fi símẹ́ǹtì tẹ́ ẹ lónìí. Ìjọba fẹ́ la títì gba orí rẹ̀ kọjá bí òjò bá ti dá. Bí ẹgbẹ́ wa bá kọ̀wé pé kí títì náà yà díẹ̀, wọ́n á gbọ́. Bí èmi nìkan bá kọ ọ́, wọ́n á fi di ẹ̀pà.

Àlàájì tó wa mọ́tò, ọmọ Ìlọrin ni. A gba Òmù-Àrán, a gba Kábbà, títì dára níbì kan, ó rí bí ẹnu akáyín níbòmíràn. Ó bi mí bóyá a ti hú góòlù rí. Mo ní àpáàdì la sábà máa ń rí. Ó wò mí nínú dígí, ó ní àwọn ọ̀mọ̀wé náà ní àìsàn tiwọn. Ẹ̀rín pa mí.

Ní Abaji ó dúró kí a jẹun. Mo kí ìyá tó ń ta máásà ní “sànnu”, ó ní “yauwa”. Àkàrà ìrẹsì ni máásà, òun ni wọ́n ń pè ní wàìnà ní Ìlọrin. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni mo fi rà á. Ata gígún ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́ níbẹ̀, èmi tí mo mọ̀ ọ́n mọ́ ṣúgà sì ń da omi lójú. Mo jẹ ẹ́ tán.

Títì Àbújá fẹ̀, ó sì mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé gbọ̀ngàn ìpàdé, akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ fún mi pé àlejò pàtàkì kan ti gba àyè tí mo fẹ́ fi bá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ti sún ọ̀rọ̀ mi sí àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí gbogbo ènìyàn máa wà lọ́nà Kwali láti lọ wo àwọn amọ̀kòkò. Inú bí mi gan-an. Àwọn tí mo ní kí wọ́n fẹ́ mi lójú ni wọ́n fata sẹ́nu yìí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bá wọn wọ bọ́ọ̀sì. Bí a ṣe kọjá Gwagwalada, mo dìde láàárín àga, mo ní kí dírẹ́bà jọ̀wọ́ pa rédíò. Mo sọ ọ̀rọ̀ mi látòkè délẹ̀, fọ́tò, àwòrán ilẹ̀ náà àti ìwé tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Nígbà tí mo parí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Àgbà yíjú padà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pe bàbá tó kọ́ púpọ̀ nínú wa ní iṣẹ́ yìí.

“Ọmọ mi, àpáàdì náà dà?”

Àṣà wa ni pé ẹni tó bá rí nǹkan á kó díẹ̀ wá sí ìpàdé, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fọwọ́ kàn án.

“Mo fi í síbi tó wà, sà.”

“A ò rí nǹkan fọwọ́ kàn, o wá fẹ́ ká fọwọ́ síwèé?”

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ohun tí a bá hú kúrò láyè rẹ̀ ti di aláìnílé. Tí mo bá hú ẹyọ kan péré wá fún yín, mo ti bá katapílà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn.”

Mo jókòó. Bàbá yíjú padà síwájú. Ojú fèrèsé ló ń wò títí a fi dé Kwali, níbi tí àwọn ìyá ti ń fẹ̀yìn rìn yí ìkòkò po bí wọ́n ṣe ń mọ ọ́n. Wọ́n máa ń fa àwòrán aláǹgbá sára ìkòkò tiwọn. Tiwa nílé kì í ní ju ilà lásán lọ. Ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò sí níbẹ̀.

Ní ìpàdé ìkẹyìn, àwọn ará ẹgbẹ́ ní ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Àgbà bá wí ni àwọn máa ṣe. Ó dìde, ó ní òun kì í fọwọ́ sí ohun tí òun ò rí.

“Nítorí náà,” ó ní, “mo máa bá a lọ wò ó lọ́la.”

Láti Àbújá dé ilé, ẹ̀gbẹ́ mi ló jókòó sí. Orúnkún rẹ̀ ń dùn ún ní gbogbo gegele ọ̀nà, mo sì ń bẹ̀ ẹ́, ó ní kí n dákẹ́. Nígbà tí a dé, a ò tilẹ̀ ya ilé mi, oko la gbà lọ tààrà. Ìrìn àjò yìí ló kọ́ mi pé ó sàn kí n lọ mú ènìyàn wá bá nǹkan ju kí n hú nǹkan lọ bá ènìyàn.

Ó bọ́ bàtà rẹ̀ kó tó tẹ ibẹ̀. Ó fi ìrora lóṣòó, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó wo àpáàdì náà láti etí dé etí. Lẹ́yìn náà, bírò ló béèrè. Kò sí tábìlì nínú oko. Mo bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀, ó tẹ́ ìwé náà sí ẹ̀yìn mi, ó sì fọwọ́ sí i.