Ọjọ́ Tí Ẹrù Mi Gba Ọjà'ba Kọjá

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ìyá àgbà kan tó máa ń jókòó lẹ́yìn wa ní ṣọ́ọ̀ṣì fa ọmọbìnrin mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Jẹ́ kí ọkọ rẹ wà ńlé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń kó ẹrù yín o. Má dá kó o." Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Kàdúná ni ọkọ rẹ̀ wà, ọkọ̀ akẹ́rù ni yóò sì kó ẹrù wọn tọ̀ ọ́ lọ. Ó rò pé olè ni ìyá náà ń bẹ̀rù. Èmi kò lè bá a rẹ́rìn-ín. Bí a ti ń gba ẹsẹ̀ òkè Màpó bọ̀ wálé, òórùn epo pupa, irú àti ẹní tuntun tó ń ti Ọjà'ba wá gbá mi nímú. Òórùn yẹn gan-an ló wà nínú afẹ́fẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ru ẹrù tèmi gba àárín ọjà náà kọjá.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi yóò rántí ìgbà tí ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ gùn dé òkè Ọya. Akọ̀wé ní ibùdókọ̀ ojú irin ní Dùgbẹ̀ ni ọkọ mi, wọ́n sì gbé e lọ sí Mínà láìròtẹ́lẹ̀. Ó ṣáájú lọ. Èmi àti àkọ́bí wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá wà nínú agbo ilé wọn ní Bẹyẹrúnka, à ń retí ìgbà tó máa ríbi tí a ó máa gbé. Nígbà tó rí ilé, ó ránṣẹ́ pé kí n wá, kí n sì kó gbogbo ẹrù wa dání, nítorí ohun èlò ilé wọ́n gógó lọ́hùn-ún.

Bí a ó ṣe kó o wá di ọ̀rọ̀. Àwọn aláàárù kan wà tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn dé Ìlọrin, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbà wọ́n ni yóò máa bọ́ wọn lójú ọ̀nà, Ìlọrin kì í sì í ṣe Mínà. Àwọn Hausa tó ń fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kó obì lọ sókè gbà láti bá wa kó o ní owó pọ́ọ́kú. Ìyá ọkọ mi fẹ́ràn ìyẹn, àmọ́ òjò kò tíì dá, mo sì ro ti ìwé ọkọ mi àti ìbùsùn ọmọ. Bí mo bá ní kí n kó o dání nínú ọkọ̀ èrò, wọn yóò wọ̀n ọ́n, wọn yóò sì gba owó tó ju ti èmi fúnra mi lọ. Ohun tó sì ń dẹ́rù bà mí jù ni bí n ó ṣe máa ṣọ́ ẹrù, tí n ó sì máa ṣọ́ ọmọ tó ń rá, láàárín èrò, nínú ọkọ̀ tó ń já geere. Ọkọ̀ ẹrù ló wá kù. Ẹrù yóò ṣáájú, ọkọ mi yóò gbà á ní Mínà, èmi yóò sì pọn ọmọ mi tẹ̀ lé e ní ọ̀sẹ̀ kejì láìgbé nǹkan kan dání ju agbọ̀n oúnjẹ lọ. Gbogbo wa fọwọ́ sí i. Títí di òní, n kò rí ohun tó burú nínú ìpinnu náà.

Nǹkan kan ló kù. Bàbá mi, tó ń hun aṣọ òfì ní Ìsàlẹ̀ Òsì, kò tíì gbọ́ pé mo ń rìnrìn àjò. Ẹ mọ bó ṣe rí: ìyàwó kọ́ ló ń dá sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun ń bá ọkọ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Àwọn ará ilé ọkọ ni yóò gbé obì lọ, wọn yóò dọ̀bálẹ̀, wọn yóò sì tọrọ ààyè. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n dá, nítorí pé baálé ilé wa wà ní oko, kò sì sí ẹlòmíì tó yẹ kó síwájú wọn.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀rẹ́ ọkọ mi tó wà ní Dùgbẹ̀ sáré wá. "Ìyàwó, àyè ṣí sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrù ọ̀la. Bẹ́ ẹ bá jẹ́ kó kọjá, kòkó ni yóò gba gbogbo rẹ̀, ó di ìgbà tí wọ́n bá kó kòkó tán."

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n sáré lọ sọ fún bàbá mi ná. Ìyá ọkọ mi mi orí. "Ẹrù lásán ló ń lọ, ìwọ ṣì wà ńlé. Tó bá jẹ́ ẹnu rẹ ló ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, wọ́n á ní a ò mọ ìwà hù." Òótọ́ ló sọ. Bí bàbá mi fúnra rẹ̀ bá wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe wí.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, àwọn aláàárù gbé ẹrù sórí: àpótí ìgbéyàwó mi tí wọ́n kùn ní pupa, igbá fínfín, ẹní, ọlọ, ìkòkò. Àbúrò ìyá ọkọ mi, obìnrin tó láwàdà, tí gbogbo ọjà mọ̀, ló tẹ̀ lé wọn. Èmi rìn lẹ́yìn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn mi. Nígbà tí a dé àárín Ọjà'ba, obìnrin aláṣọ kan na ọrùn.

"Ìyàwó, ta ló lé ọ?"

Kí n tó dáhùn, ìyá aláwàdà ti gbà á lẹ́nu mi. "Àwa la lé e. Ọbẹ̀ rẹ̀ ò dùn, ó sì ń jẹun jù. Ẹ bá wa wá òmíì."

Ọjà bú sẹ́rìn-ín. Ẹlòmíì ní kí wọ́n fi àpótí náà sílẹ̀ fún òun kí wọ́n máa kó ìyókù lọ. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí a fi dé Bẹẹrẹ, nítorí ará Ìbàdàn ni mí. Ẹni tí a bá fẹ́ràn là ń bú báyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹni kan wà ní ìdí ìsọ̀ òwú tó mọ àpótí yẹn, nítorí pé ará agbo ilé bàbá mi ni, ojú rẹ̀ ni wọ́n sì ṣe gbé e jáde lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ohun tó rí ni ẹrù ọmọ ilé wọn tó ń jáde láìsí ọkọ níbẹ̀. Ohun tó gbọ́ ni "àwa la lé e". Kò dúró gbọ́ ẹ̀rín, ọ̀dọ̀ bàbá mi ló sáré lọ.

Ó yẹ kí n sọ pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti kó ẹrù wálé láti ilé ọkọ rí. Lílù ni wọ́n ń lù ú. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi kú nínú ilé wa. Láti ìgbà náà ni àyà ti ń dun bàbá mi, tí kò lè jókòó pẹ́ nídìí òfì mọ́. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Ìwọ ni mo fi ń rí oorun sùn."

Ìyàwó kejì bàbá mi ló wá sí Bẹyẹrúnka ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Bó ti rí mi tí mò ń wẹ ọmọ ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ńṣe ló jókòó sílẹ̀.

"Ibí lo wà?"

"Ibí ni mo wà, ìyá mi. Kí ló dé?"

Ó sọ ọ́ fún mi bí a ti ń yára lọ sí Ìsàlẹ̀ Òsì. Bàbá mi kò bínú nígbà tó gbọ́. Ó ní kí wọ́n gbá yàrá ẹ̀gbọ́n mi, kí wọ́n tẹ́ ẹní sí i, kí wọ́n sì gbé omi kaná fún ọmọ mi. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má bi mí ní ìbéèrè bí mo bá dé. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n gbé òun lọ sẹ́nu ọ̀nà, kó lè jẹ́ pé òun ni n ó kọ́kọ́ rí. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń wo ọ̀nà. Wọ́n rán ènìyàn lọ sí ọjà, wọ́n ní àwọn aláàárù ti kọjá tipẹ́. Ìgbà náà ni ẹ̀rù wá bà á gidi, nítorí kò mọ ibi tí ọmọ rẹ̀, ẹni tí wọ́n lé, lè kó ẹrù lọ tí kì í bá ṣe ilé bàbá rẹ̀. Òjò ìrọ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kó wọlé, ó kọ̀. Wọ́n gbé e wọlé nígbà tó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu.

Nígbà tí mo débẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Mo gbé ọmọ lé e láyà, mo sì tẹ ẹnu mọ́ etí rẹ̀. "Bàbá, wọn ò lé mi. Àwàdà ni. Ọkọ mi ló ní kí n máa bọ̀ ní Mínà." Mo sọ ọ́ títí ohùn mi fi há. Ọwọ́ rẹ̀ yí díẹ̀ lára ọmọ náà. Ó lè jẹ́ pé ó gbọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ìwúwo ọmọ ló mú ọwọ́ rẹ̀ yí. N kò mọ̀, n kò sì ní mọ̀ láé.

Ọjọ́ Jímọ̀ ló kú, wọ́n sì sin ín lẹ́yìn ìrun. Aṣọ òfì tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun fún ìgbéyàwó mi wà nínú àpótí, àpótí wà lójú irin. Aṣọ tí mo yá ni mo fi dúró síbi ìsìnkú bàbá mi. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwọn ará ilé ọkọ mi wá pẹ̀lú obì tí wọ́n ti rà sílẹ̀. Ìyá aláwàdà kúnlẹ̀ lójú ọ̀nà títí wọ́n fi fà á dìde. Kò sí ẹni tó bá a wí. Kí la fẹ́ wí? Ó lo ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé lẹ́yìn ìgbà yẹn, mo sì gbọ́ pé kò tún pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín ní Ọjà'ba mọ́.

Mo dé Mínà níkẹyìn. Ẹrù pé, igbá kan kò sán. Inú ọkọ mi dùn pé a rí i ṣe láìná owó púpọ̀, kí n tó sọ fún un.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún mo ń wá ẹni tí n ó dá lẹ́bi. Ẹni tó mú ìròyìn lọ fẹ́ràn wa ni. Ìyá ọkọ mi bu ọlá fún bàbá mi ni. Ẹni tó ṣàwàdà ń yọ̀ pẹ̀lú mi ni. Ohun tó ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́ ni yàrá tí wọ́n gbá dè mí yẹn. Mo ti bímọ mẹ́rin, kò sì sí èyí tó jáde lọ sí ọ̀nà jíjìn nínú wọn tí n kò rántí bàbá mi tó ń retí mi lẹ́nu ọ̀nà, tó sì ti kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé kí wọ́n má bi mí ní nǹkan kan.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kó ẹrù, ẹ yan ọ̀nà tí agbára yín bá ká, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Mo kàn ń bẹ̀ yín pé kí ẹ rán ẹnì kan sí àwọn òbí yín ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an, kí ẹrù àkọ́kọ́ tó kúrò nílẹ̀.