Oògùn Tí Wọ́n Rán Mọ́ Inú Egbò Mi

Kí wọ́n tó là mí nínú, ọ̀bẹ kọ́ ni mo ń bẹ̀rù. Òórùn ni. Àbúrò mi ọkùnrin ti ṣe iṣẹ́ abẹ ìfun rí. Iṣẹ́ abẹ náà lọ dáadáa, àmọ́ ojú egbò kẹ̀. Ó ń ṣọyún, ó ń rùn débi pé a kì í lè ti fèrèsé. Egbò yẹn ló pa á, kì í ṣe ìfun.

Nítorí náà, nígbà tí ìfun tèmi lọ́ pọ̀, tí wọ́n ní àfi kí wọ́n gé ibi tó ti bàjẹ́ kúrò, mo di dókítà obìnrin tó fẹ́ ṣe é lọ́wọ́ mú.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé egbò mi ò ní kẹ̀?"

"Mummy, inú ìfun dọ̀tí, ìdí nìyẹn tí egbò rẹ̀ fi máa ń tètè kẹ̀. A máa fún yín ní oògùn apakòkòrò gba ojú iṣan. Kí n tó wá rán yín, màá tẹ́ nǹkan pẹlẹbẹ kan bíi fóòmù sábẹ́ awọ. Oògùn apakòkòrò wà lára òun náà. Ibẹ̀ gan-an ló ti máa ṣiṣẹ́, á sì yọ́ fúnra rẹ̀. Mi ò lè búra o, àmọ́ ó lè ràn wá lọ́wọ́."

Télọ̀ ni mí, ní Ìkòsì. Mo ní, "Bíi sitéè, aṣọ líle tí mo máa ń tẹ́ sáàárín kọ́là kí n tó rán an pa."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò rí i! Nǹkan kan ni mo bẹ̀ yín: tí ẹ bá délé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da nǹkan kan sí i."

Ó mọ̀ wá.

Mi ò tíì pẹ́ nílé tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí mò ń pè ní Màámi, fi wọ ọkọ̀ ojú omi wá láti Agboyi. Lọ́dọ̀ wọn, tí ìwọ̀ bá ya apẹja lọ́wọ́, kápúsù ni wọ́n máa ń tú, wọn á bu ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sójú egbò. Màámi ti tú tiwọn sínú ìwé kí wọ́n tó jókòó.

"Ká aṣọ ẹ sókè."

"Màámi, dókítà ní ká má da nǹkan kan sí i."

"Ṣé òun náà ò fi tiẹ̀ sí i ni? Tiẹ̀ dáa, tèmi ò dáa?"

"Inú ló fi tiẹ̀ sí, Màámi. Ó ti rán an pa."

"Ẹ ò pè mí nígbà tí àbúrò ẹ dùbúlẹ̀. Mi ò ní jókòó kí wọ́n tún sin ìkejì."

Ẹ̀rù tó ń bà mí náà ló ń bà wọ́n. Ọwọ́ mi ti wà létí bùbá, díẹ̀ ló kù kí n gbà. Mo rántí dókítà, mo fà á wálẹ̀.

"Ẹ bá mi máa gbóòórùn ẹ̀ láràárọ̀. Tó bá ti yí padà, ilé ìwòsàn la máa lọ."

Wọ́n bínú, àmọ́ wọn ò lọ. Láràárọ̀, wọ́n á tẹrí ba síkùn mi, wọ́n á fa imú bí ẹni tó ń wò ó bóyá ọbẹ̀ àná ti bàjẹ́.

"Spírítì ilé ìwòsàn nìkan ni," wọ́n á ní. Ìgbà yẹn ni mo tó máa ń mí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n yọ òwú tí wọ́n fi rán mi, dókítà tẹ ojú egbò. Ó gbẹ táútáú. Màámi ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ẹsẹ̀ mi ni mo fi sìn wọ́n dé etí omi. Kí wọ́n tó wọ ọkọ̀, wọ́n gbá bùbá mi mú níwájú àwọn obìnrin tó ń dúró.

"Ẹ wá wo ikùn ọmọ mi! Wọ́n gé ìfun ẹ̀, kò kẹ̀! Ẹ wá gbóòórùn ẹ̀!"

Èmi tí mo bẹ̀rù òórùn tó bẹ́ẹ̀, mo ká bùbá sókè fúnra mi. Obìnrin kan tó gbé agbọ̀n ẹja yíyan bẹ̀rẹ̀, ó fa imú.

"Àǹtí, ẹja mi nìkan ni mò ń gbóòórùn ẹ̀ o!"

Gbogbo etí omi bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tèmi ló sì pariwo jù.