Ìyá Ẹ-kú-ilé àti Gbẹ́nàgbẹ́nà tó Ní Òun Ti Sinmi

Ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, obìnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa pe ilé àwọn aláìsàn lórí fóònù lọ. Abẹ́ àtẹ̀gùn ni yàrá rẹ̀ wà. Fèrèsé kan ló ní, tó kọjú sí ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Tábìlì kan tí wọ́n fi páálí kín lẹ́sẹ̀. Àti àga kan tó máa ń ké bí ènìyàn bá jókòó lé e. Bí wọ́n bá ti gbé fóònù, "Ẹ kú ilé o" ni yóò kọ́kọ́ sọ. Àwọn mìíràn a gbàgbé ara wọn, wọn a ní, "Ẹ káàbọ̀ mà," àfi bí ẹni pé àlejò ti dé ẹnu ọ̀nà. Òun náà a dáhùn pé, "Mo ti wọlé, ẹ fún mi lómi." Bí orúkọ náà ṣe mọ́ ọn lára nìyẹn: Ìyá Ẹ-kú-ilé.

Ohun mẹ́rin ni àwọn dókítà fẹ́ mọ̀ nípa aláìsàn kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ orí rẹ̀ àti iṣẹ́ tó ṣe, bóyá ó mu sìgá tàbí kò mu ún, bí àrùn náà ti rìn jìnnà tó kí ó tó wá, àti bóyá ó ṣì wà láàyè. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ló ń sọ mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹrin ni wàhálà. Ta ni yóò la ojú sílẹ̀ kó bi ọmọ ọlọ́mọ pé, "Ṣé bàbá yín ti kú?" Ìyá Ẹ-kú-ilé a kí ilé, a béèrè àlàáfíà, lẹ́yìn náà a dákẹ́. Inú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni ìdáhùn ti máa ń jáde. Wọn a ní wọ́n ti sùn. Wọ́n ti re ibi àgbà ń rè. Wọ́n ti papò dà. Wọ́n ti filẹ̀ bora. Wọ́n ti sinmi. Kò sí èyí tí kò mọ̀ níbẹ̀. Ó sì ní òfin kan tí kì í yẹ̀: kò ní ka ẹnikẹ́ni mọ́ òkú láti ẹnu ẹnì kan ṣoṣo.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, dókítà àgbà wọlé tọ̀ ọ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan wà tí kò fi sìgá kan ẹnu rí láyé rẹ̀, síbẹ̀ tí àrùn náà wọ̀ ọ́ lẹ́dọ̀fóró. Àbájáde àyẹ̀wò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: oògùn oníhóró kan wà tó bá irú tirẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n oògùn náà kò kárí. Bí ọkùnrin náà kò bá yọjú títí ìrọ̀lẹ́ ọ̀la, ẹlòmíràn ni yóò gbà á.

Ìyá pe ilé. Ìyàwó ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà ló gbé e.

"Ẹ kú ilé o. Ṣé dáadáa ni bàbá wà?"

Ó ní: "Bàbá ti sinmi, mà."

Fóònù já. Ìyá tún un pè, kò wọlé mọ́.

Dókítà mí kanlẹ̀. "Ó mà ṣe o. Ẹ jẹ́ ká pe ẹni tó kàn."

"Ẹ má tíì pè é, sà. Ẹnu kan ni mo gbọ́."

"Ìyá, wọ́n ní ó ti sinmi. Kí ló tún kù?"

"Ohùn tó fi sọ ọ́ ló kù. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ a máa fa ọ̀rọ̀ nílẹ̀. Èyí kà á bí ọmọ ilé-ìwé tó ń ka àkọ́sórí."

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, èmi náà ò ní lè dá a dúró mọ́."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé náà. Ó gun àtẹ̀gùn dé iwájú ilẹ̀kùn kan tí wọ́n fá dán bí dígí. Ibẹ̀ ló ti dúró ro irú kíkí tí yóò kí wọn. Bí ó bá kí "Ẹ kú ilé" nínú ilé ọ̀fọ̀, ìwọ̀sí ni. Bí ó bá kí "Ẹ kú arafẹ́rakù" fún ẹni tó wà láàyè, èpè ni. Ó fún ara rẹ̀ ní ìṣírí, ó kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ kú ilé o!"

Ikọ́ ló kọ́kọ́ dá a lóhùn. Ìyàwó ọmọ náà ṣílẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ bojú. "Ẹ dákun mà, bàbá ló ní kí n sọ bẹ́ẹ̀."

Gbẹ́nàgbẹ́nà na ara sórí àga gígùn lẹ́bàá fèrèsé, ó ti gbẹ bí igi ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́ kedere. "Ṣé òkú lẹ wá kí?"

"Rárá o, sà. Òkú kì í wúkọ́ báyìí."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á lẹ́nu. Nígbà tó rọlẹ̀, ó ní: "N kò purọ́ fún yín. Abẹ́rẹ́ ti sú mi, 'ẹ dúró ná' ti sú mi, 'ẹ padà wá' ti sú mi. Mo ti sinmi lọ́rọ̀ yín."

Ìyá sọ ti oògùn náà fún un.

"Ṣé yóò wò mí sàn?"

"Rárá, sà. Ó ń dá àrùn náà dúró ni. Àwọn kan pẹ́ lórí ẹ̀, àwọn kan ò pẹ́. N ò mọ ibi tí tiyín máa bọ́ sí."

"Nínú àwọn tí ẹ ń pè, èwo ló pọ̀ jù: àwọn tó ń gbé fóònù fúnra wọn, àbí àwọn tí wọ́n ń bá gbé e?"

"Àwọn tí wọ́n ń bá gbé e ni, sà."

"Kí wá lẹ ń fi ìròyìn òkú ṣe?"

"Àwọn ló bá yín rí oògùn yìí. Ẹni tó mu sìgá, ẹni tí kò mu. Ẹni tó tètè wá, ẹni tó pẹ́ kó tó wá. Ẹni tó lo eléyìí, ẹni tó lo tọ̀hún: a tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, a wo ẹni tó pẹ́ láyé. Ibẹ̀ la ti rí i pé irú yín ń pẹ́ sí i lórí ẹ̀. Ká ní àwọn ọmọ wọn ò dá mi lóhùn ni, à bá má mọ̀."

Gbẹ́nàgbẹ́nà wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Iṣẹ́ igi lọ̀rọ̀ yìí jọ: àwọn tó ti lọ ti bá mi wọn igi náà, èmi ni wọ́n ń dúró dè kí n gé e. Bí mo bá kú sórí àga yìí, kí lẹ máa rí kọ́ lára mi?"

"Òfo, sà."

"Ìyàwó! Gbé ṣẹ́ẹ̀tì mi wá. Èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ pé o, kí wọ́n má baà rò pé inú pósí ni mo ti jáde."

Wọ́n dé ilé ìwòsàn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó kàn náà gba tirẹ̀ nígbà tí oògùn mìíràn dé. Gbẹ́nàgbẹ́nà pẹ́ láyé ju bí dókítà ti rò lọ. Kò pẹ́ tó bí àwọn ọmọ rẹ̀ ti fẹ́. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó kan àpótí ìwé fún ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó sì rí i tó gbé e lọ sílé-ìwé. Nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ pé, Ìyá Ẹ-kú-ilé gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ, ó tún gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó ọmọ, kó tó kọ ọ́: kò mu sìgá, ó pẹ́ kó tó wá, ó lo oògùn, ó pẹ́ láyé. Ó nu ojú rẹ̀, ó gbé fóònù, ó pe ilé tó kàn.