Ìtẹsẹ̀ Gìtá Tí Wọ́n Ní Àwọn Sọ Sódò Ògùn

Nígbà tí mo ṣì wà lábẹ́ òrùlé bàbá mi ní Ìsẹ́yìn, tí ìyá mi ṣì ń di irun fún mi ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, n kì í ṣe oníbìínú ènìyàn. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ èyí, ẹ̀yin ọmọ mi, nítorí mo máa ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ lẹ́yìn mi pé inú máa ń tètè bí Màmá jù. Wọn ò bí i mọ́ mi. Àwọn ènìyàn ló fi kọ́ mi, èmi náà sì mọ̀ ọ́n kọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ṣẹ̀ mí ti kú báyìí, síbẹ̀ bí mo bá rántí ọ̀rọ̀ yìí nídìí oúnjẹ, mo máa ń ti àwo sẹ́yìn.

Tíṣà ni bàbá mi, òun náà sì ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìjọ wa. Nọ́ọ̀sì ni ìyá mi. Àwa méjì péré ni wọ́n bí, Bọ̀dá mi àti èmi, ó sì fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Wọ́n bí Bọ̀dá mi pẹ̀lú àìsàn tí àwọn ará wa ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Egungun a máa ro ó títí yóò fi ké bí ọmọ ọwọ́, ṣùgbọ́n bí ara rẹ̀ bá ti le báyìí, kò sẹ́ni tó lè dá a dúró. Ó lọ sí Ìbàdàn, ó ń ta gìtá ní òtẹ́ẹ̀lì kan níbẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ológun gbé ìjọba fún àwọn alágbádá ni àìsàn náà dá a padà sílé. Mo wà ní ìwé kẹta ní girama nígbà náà.

Ohun mẹ́ta ló gbé sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ju àpò aṣọ rẹ̀ lọ. Gìtá oníná rẹ̀ ni àkọ́kọ́. Èkejì ni áńpílífáyà kékeré kan tó ń gbé ohùn gìtá náà jáde. Ẹ̀kẹta ni àpótí irin kan tí kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ, àwọ̀ ojú ọ̀run, tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń bó. Òyìnbó kan tí wọ́n jọ ń ta gìtá ló fún un nígbà tó ń padà sí ìlú rẹ̀. Kókó méjì tí a ń yí wà lórí rẹ̀, ihò wáyà wà lọ́tùn-ún àti lósì, ibi tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ wà níwájú.

Àárín àwọn ahunṣọ ni ilé wa wà, kò sí àárọ̀ tí ìró òfì kì í jí wa. Bàbá ahunṣọ tó wà ní ojúlé kejì yọjú wá kí Bọ̀dá mi káàbọ̀, ó tẹjú mọ́ àpótí náà bí ó ti wà nílẹ̀.

Ó ní, "Ìtẹsẹ̀ rèé. Tiwa nídìí òfì ń ya òwú. Tìrẹ ń ya kí ni?"

Bọ̀dá mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ohùn ló ń yà, Bàbá."

Láti ọjọ́ náà, ìtẹsẹ̀ la ń pè é. Ó sì ń ya ohùn lóòótọ́. Bí o bá ta okùn gìtá kan, yóò jẹ́ kí ohùn yẹn kọjá lọ, yóò wá dá irú rẹ̀ kan dúró díẹ̀ kó tó tú u sílẹ̀ tẹ̀ lé e, bí ìgbà tí ènìyàn méjì ń kọ orin kan náà tí ẹnu wọn ò ṣe déédéé. Ohùn ẹ̀yìn yẹn kò dúró lójú kan, ó ń gòkè díẹ̀, ó ń sọ̀ díẹ̀. Gìtá kan ṣoṣo a wá dà bí ẹgbẹ́ akọrin. Mo bi Bọ̀dá mi bó ṣe ń ṣe é. Ó ní kí n rò ó bí ìgbà tí ilé ń jó, tí àwọn ènìyàn tò láti etí kànga, tí wọ́n ń na korobá omi sí ara wọn lọ́wọ́. Ohun tí ẹni àkọ́kọ́ fà lómi náà ni ẹni ìkẹyìn dà síná, àmọ́ yóò pẹ́ díẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Orí ẹní ló dùbúlẹ̀ sí tó ti ń kọ́ mi. Okùn gìtá bẹ́ mi níka títí tí ìka fi yi. Ó kọ́ mi pé kí n máa yọ wáyà kúrò lára ìtẹsẹ̀ bí mo bá ti ṣe tán, torí bí wáyà bá ṣì wà níbẹ̀, bátìrì yóò máa jó lọ láìṣiṣẹ́, bátìrì kékeré onígun mẹ́rin yẹn kò sì wọ́pọ̀ ní Ìsẹ́yìn. Nígbà ọyẹ́, tí eruku pupa bá wọ inú kókó, tó ń dún ṣàràṣàrà, ìyá mi a fi òwú bọ inú sípíríìtì tí wọ́n fi ń nu ojú abẹ́rẹ́, a sì bá wa nù ún. Ohun tí Bọ̀dá mi sì máa ń tẹnu mọ́ jù ni kókó ìyára.

"Má yí i púpọ̀. Bí ohùn bá ti ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, o ti bà á jẹ́. Jẹ́ kó máa mí."

Nígbà tí ó rí i pé àìsàn náà ò fẹ́ fi òun sílẹ̀ mọ́, ó gé píláásítà lára èyí tí ìyá mi fi ń di ojú egbò, ó kọ nǹkan sí i, ó ṣí ilé bátìrì lábẹ́ ìtẹsẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí rẹ̀. Ó ní, "Ti àbúrò mi ni. Ẹ má gbà á." Ohun tó kọ gan-an nìyẹn. Òjò ń rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ tó kú. Orí itan ìyá mi ni orí rẹ̀ wà.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní kí n wá ta gìtá níbi ìkórè. Ọ̀gá akọrin wa ni ẹnì kan ṣoṣo tó ń ta gìtá ní ìjọ wa tẹ́lẹ̀. Ọkùnrin tó ga ni, oníṣẹ́ ìjọba, tí kì í tú táì ọrùn rẹ̀ nínú ooru. N kò bá a du ipò. Orin mẹ́ta ni wọ́n ní kí n ta, mo ta á. Nígbà tí mo fi ẹsẹ̀ tẹ ìtẹsẹ̀ nínú orin kejì, tí ohùn náà kún inú ilé, àwọn ìyá ìjọ dìde láìsí ẹni tó ní kí wọ́n dìde. Ìyá mi di ojú rẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Látìgbà tí Bọ̀dá mi ti kú, n ò tíì rí eyín rẹ̀.

Àfi bí ọ̀gá akọrin ṣe dìde ní ìparí orin náà. Ó nàka sí mi níwájú gbogbo ènìyàn.

"Gìtá kan, ohùn méjì. Ta ló ń ta èkejì?"

Gbogbo wọn mọ ẹni tó ní gìtá náà tẹ́lẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé ó ti wà nínú ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló fi sọ ẹ̀gbọ́n mi di iwin. Ẹni tó ń ta gìtá láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi ni ọ̀gá akọrin yìí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ó mọ̀ pé ẹ̀rọ ni! Ó ti tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Bọ̀dá mi lẹ́ẹ̀mejì, Bọ̀dá mi ò fún un.

Ìgbìmọ̀ ìjọ jókòó. Wọ́n ní ẹ̀mí àìmọ́ wà nínú irin náà, wọ́n tún ní kò bójú mu kí ọmọbìnrin máa fi ẹsẹ̀ tẹ irin níwájú pẹpẹ. Bàbá mi ló kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ nínú ìwé. Ó délé, ó wọ yàrá mi, ó mú ìtẹsẹ̀ lórí tábìlì mi, kò wojú mi. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ní, "Bàbá ọmọ, ohun tó kù nínú ọmọ mi nìyẹn."

Bàbá mi kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé e lọ fún ọ̀gá akọrin.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá akọrin dúró, ó ní òun ti fi ọwọ́ ara òun sọ ọ́ sínú odò Ògùn láti orí afárá. Gbogbo ìjọ pariwo "Halelúyà!" Ìyá mi nìkan ni kò la ẹnu. Èmi náà la ẹnu, kí ìtìjú má bàa pa bàbá mi. Ẹnu tèmi yìí. Mo bínú sí ara mi fún ìyẹn náà.

Ó lé díẹ̀ ní ọdún méjì lẹ́yìn náà tí mo jáde ní girama, mo lọ sí Ṣakí lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo ń bọ̀ láti ọjà, iṣu méjì wà lórí mi, mo kọjá níwájú gbọ̀ngàn kan tí wọ́n ti ń ṣe bàsáà ìjọ. Gbohùngbohùn wà lójú fèrèsé. Ìró gìtá ń jáde níbẹ̀, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ẹsẹ̀ mi dúró. Ẹnì kan ti yí kókó ìyára dé òpin, ṣùgbọ́n n kò lè ṣi ohùn náà mọ̀, bí ẹ̀yin náà ò ṣe lè ṣi ohùn mi mọ̀ bí mo tilẹ̀ ń wúkọ́.

Mo wọlé. Táì yẹn ni mo kọ́kọ́ rí. Ọ̀gá akọrin ìjọ wa ló wà lórí pèpéle, wọ́n pè é wá láti Ìsẹ́yìn. Ìtẹsẹ̀ Bọ̀dá mi wà lábẹ́ bàtà rẹ̀. N kò rántí ibi tí mo gbé iṣu mi sí. Mo kàn mọ̀ pé mo gun orí pèpéle, mo fa wáyà yọ, ohùn dá.

Mo ní, "Ẹ káàsán, Ọ̀gá. Ṣé odò Ògùn ló pọ̀ ọ́ jáde?"

Ó mọ̀ mí. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó mọ̀ mí. Ó wá kọjú sí àwọn ènìyàn. "Ta ni ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ yìí? Ìbàdàn ni mo ti ra nǹkan mi."

Mo kúnlẹ̀. Àwọn ènìyàn rò pé mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ ni, mo gbọ́ tí wọ́n ń wí pé "Ó káre." Mo fa kọ́bọ̀ kan yọ nínú ìgbànú mi, mo dojú ìtẹsẹ̀ bolẹ̀, mo fi ẹnu kọ́bọ̀ náà yí ilé bátìrì, mo ṣí i. Píláásítà ti pọ́n, àmọ́ kò tíì ṣí. Mo nà án sí obìnrin kan tó wà nítòsí, mo ní kí wọ́n bá mi kà á sókè. Obìnrin náà kà á: "Ti àbúrò mi ni. Ẹ má gbà á."

Lẹ́yìn náà ni bàbá kan tó dà bí olórí wọn wá bá mi. Ohùn rẹ̀ tutù.

"Ọmọ mi, òótọ́ lo sọ, a ti rí i. Ṣùgbọ́n o ti dójú ti àgbà láàárín àwùjọ. Kúnlẹ̀ kí o bẹ̀ wọ́n."

Mo ní, "Ẹ máa bínú o, Bàbá. Mo ti kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lónìí, ó tó."

Mo gbé ìtẹsẹ̀, mo jáde. Wọ́n ń pè mí ní ọmọ burúkú títí mo fi dé títì. Ẹni tó jalè ṣì wà lórí pèpéle, wọ́n ń fún un ní omi tútù mu.

Ọjọ́ kejì ni mo wọ mọ́tò lọ sí Ìsẹ́yìn. Mo gbé ìtẹsẹ̀ kalẹ̀ níwájú bàbá mi lórí tábìlì tó ti ń máàkì ìwé àwọn ọmọ. Ojú ọ̀nà ni mo ti ń ro bí inú yóò ṣe bí i, bí yóò ṣe wọ agbádá lọ bá ìgbìmọ̀. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Mo mọ̀ pé kò sọ ọ́ sódò."

Mo ní, "Láti ìgbà wo, sà?"

"Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn tó gbà á ló wá bá mi. Ó ní kí n jẹ́ kí òun máa lò ó fún iṣẹ́ Olúwa. Mo ní kó má sáà lò ó nítòsí ibí. Kí àlàáfíà lè wà nínú ìjọ ni."

A ò mọ̀ pé ìyá mi ti dé ẹ̀yìn wa. Aṣọ nọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ó ní, "Ó lé ní ọdún méjì tí mo fi ń bojú wo odò yẹn. Gbogbo ìgbà tí mọ́tò ọsibítù bá ti gbé wa gba orí afárá, mò ń wo omi. Ẹ̀ ń rí mi lójoojúmọ́. Ẹ̀ ń jẹ oúnjẹ mi."

Bàbá mi gbé awò ojú rẹ̀ padà sójú, ó fa ìwé àwọn ọmọ mọ́ra. Ó kú ní ogún ọdún lẹ́yìn ìgbà náà láì fèsì sí ọ̀rọ̀ náà. Ìyá mi ò tún fi ẹsẹ̀ tẹ ìjọ náà mọ́. Ó ń dáná fún ọkọ rẹ̀, ó tọ́jú rẹ̀ nígbà tó ṣàìsàn, ó sin ín bó ti yẹ, ṣùgbọ́n n kò tún gbọ́ kó pè é ní "Bàbá ọmọ" mọ́. Ọ̀gá akọrin ní tirẹ̀ ń darí orin lọ ní ìjọ wa títí tó fi kú. Wọ́n fi oyè jẹ ẹ́ níbẹ̀.

Mo ta gìtá yẹn ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ṣiṣẹ́, ní Ṣakí, ní Ìgànná, mo sì kọ́ àwọn ọmọbìnrin tó pọ̀. Ìtẹsẹ̀ náà ṣiṣẹ́ títí irin inú rẹ̀ fi dípẹtà.

Lónìí, ọmọ ọmọ mi fi ìka kan ojú fóònù, irú ohùn náà jáde, ó ní, "Màmá, ṣé nítorí èyí náà lẹ ṣe ń bínú?" Nítorí èyí náà ni. Mo lọ sí ìjọ àtijọ́ yẹn ní ọdún tó kọjá, torí ìsìnkú ọ̀rẹ́ mi kan. Ọmọbìnrin mẹ́ta ló wà nídìí gìtá níwájú pẹpẹ, ìtẹsẹ̀ lóríṣiríṣi tò sílẹ̀ níwájú wọn, àwọn arúgbó tó pariwo Halelúyà lọ́jọ́sí ń jó. Ọ̀kan nínú àwọn arúgbó náà gbá mi mọ́ra, ó ní, "Ìwọ lo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún wa!" Inú bí mi débi pé mo jáde kí wọ́n tó gbé òkú sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀ ń sọ pé ayé ti yí padà, mo gbà, ó yí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó wá sọ fún mi, tàbí fún ìyá mi kó tó kú, pé àwọn ṣẹ̀. Wọ́n kàn bá ayé yí ni, bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti wà látilẹ̀wá.