Abiyamọ tí bàbá mi ṣí fìlà fún

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni mí, mi ò gba ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni.

Lónìí, nínú bọ́ọ̀sì Cheetham Hill nílùú òyìnbó níbí, Síkírá ọmọ mi fi blue whale hàn mí lórí fóònù, àbùùbùtán tó tóbi ju gbogbo ẹranko ayé lọ.

"Màámi, kì í ṣe ẹja o. Ó ń fún ọmọ ẹ̀ lọ́mú."

"Ta lò ń kọ́? Bàbá mi ti sọ fún mi kí n tó bí ẹ!"

"Ẹ rọra sọ̀rọ̀, Màámi, inú bọ́ọ̀sì la wà."

Mi ò rọra.

Apẹja ni bàbá mi ní Àgbádárìgì. Lọ́jọ́ kan tá a jọ wà lójú òkun, àbùùbùtán kan yọ pẹ̀lú ọmọ ẹ̀, ó tu omi sókè bí èéfín. Bàbá mi gbé àjẹ̀ sílẹ̀, ó ṣí fìlà.

"Abiyamọ ni. Jẹ́ kó kọjá."

Àárò bàbá mi sọ mí títí mo fi délé.

Síkírá ní àwọn òyìnbó pa àwọn àbùùbùtán títí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, wọ́n ń fi ọ̀rá wọn ṣe ọṣẹ. Ní báyìí, ọkọ̀ ojú omi ńláńlá ló ń kọlu ìwọ̀nba tó kù.

Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, ẹ dín eré kù lójú òkun. Gbèsè àtijọ́ lẹ jẹ wọ́n. Ẹ san án.