Ẹsẹ̀ Ataa Lábẹ́ Gítà

Ẹ má bínú sí bí mo ṣe ń kọ̀wé. N kò pẹ́ nílé ìwé, ẹnu mi náà kò sì yá. Etí ni mo fi ń ṣiṣẹ́.

Yàrá ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Wálé, ní Kokomlemle, àdúgbò wa nílẹ̀ àjèjì níbí, ni a ti ń ṣe orin. A lẹ fóòmù bẹ́ẹ̀dì mọ́ ògiri, a sì máa ń pa fáànù kí a tó gba ohùn sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń lu ìlù, òun náà ló ń fun fèrè. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣeré fún wa ni Ataa Tẹtẹ, bàbá àgbà onígítà. Iṣẹ́ tèmi ni láti pa ti ènìyàn pọ̀ mọ́ ti kọ̀ǹpútà, kí ẹni tó ń gbọ́ má mọ ojú ibi tí a ti rán an.

Ataa fẹ́ràn láti máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí, òun ni Ataa náà sì ń pè mí.

"Alata, àwọn èèyàn rẹ ló ń pariwo jù ní ibùdókọ̀ Tudu. Ta ló gba ohùn lẹ́nu tìrẹ?"

Màá rẹ́rìn-ín sínú, màá sún makirofóònù mọ́ gítà wọn. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń bọ̀, mo máa ń tètè gbá yàrá.

Nígbà tí ìka Ataa ń le, tí wọn kò lè ta gítà mọ́, wọ́n padà sí Ada, ìlú wọn. Orin kan ṣoṣo ló kù tí wọ́n ta gítà sí tí a kò tíì parí. Sista Akosua, olórin ṣọ́ọ̀ṣì, ló ni ín. Àmọ́ gítà náà kò bá ìlù mu. Ìlù kọ̀ǹpútà kì í yára, kì í falẹ̀. Ní ti Ataa, ibi tí orin bá ti dùn mọ́ wọn, wọn a sáré díẹ̀, wọn a tún rọra.

"Yọ gítà yẹn," ni Bọ̀dá Wálé wí. "Sista ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ta á."

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ títí Sista á fi dé."

"Háà! O lè sọ̀rọ̀ báyìí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, ìrọ̀lẹ́ o!"

Bí a bá yọ ọ́, ó parí nìyẹn. Kò ní sí ọwọ́ Ataa nínú orin kankan tó ń bọ̀.

Mo ki íapíìsì bọ etí. Ibi tí mo ti ń wá ariwo tí mo lè nù kúrò ni mo ti gbọ́ nǹkan kan nísàlẹ̀ ohùn gítà: kò, kò, kò. Gìgísẹ̀ Ataa ni, tí wọ́n fi ń lu ilẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ta gítà. Ibikíbi tí gìgísẹ̀ yẹn bá bọ́ sí, ibẹ̀ ni mo gbé ìlù sí, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí orin fi tán. Kọ̀ǹpútà wá ń tẹ̀lé Ataa.

Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ lẹ́, Sista Akosua gbọ́ ọ, wọ́n dìde, wọ́n ń jó. "Ataa nìyí! Àfi bíi pé wọ́n jókòó síbí!"

Ataa kò jókòó síbẹ̀. Ìlù ti bọ́ sórí ìró gìgísẹ̀ wọn gẹ́lẹ́, ó ti bò ó mọ́lẹ̀. Bí mo ṣe tẹ́tí tó, n kò gbọ́ ọ mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí Bọ̀dá Wálé tó jí, mo fi orin náà sínú fóònù mi, mo lọ sí Tudu, mo wọ ọkọ̀ Ada, kí Ataa lè fi etí ara wọn gbọ́ ọ. N kò pe Ataa tẹ́lẹ̀, torí n kò mọ ohun tí màá sọ. Mo kàn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo ń dúró kí ọkọ̀ kún.